Hóró Tó Ń Yí Àwọ̀ Ìmọ́lẹ̀ Padà

Jẹjẹrẹ awọ ara tí wọ́n ń pè ní mẹlanóòmà máa ń dúdú lọ́pọ̀ ìgbà, dúdú yẹn sì ni ààbò rẹ̀. Ó máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì kí ó tó wọlé jìnnà. Bẹ́ẹ̀, oògùn kan wà tó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ló ń jí i. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti kàn án, á sọ ọ́síjìn tó wà nítòsí di májèlé fún jẹjẹrẹ.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ní Singapore gbé jáde ní 2012 ló wú mi lórí. Wọ́n ṣe hóró kan tí ojú lásán kò lè rí, wọ́n fi sílíkà tó ní ihò wínníwínní bò ó, wọ́n sì kó oríṣi oògùn méjì sínú àwọn ihò náà. Wọ́n wá tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kì í rí sí i, èyí tó máa ń wọ inú ara jinlẹ̀ ju ìmọ́lẹ̀ tí à ń rí lọ. Hóró náà gbà á, ó sì sọ ọ́ di àwọ̀ ewé àti pupa. Àwọ̀ ewé jí oògùn kan, pupa jí èkejì. Ẹlòmíràn ì bá fi oògùn kan mọ, kí àwọ̀ kejì máa ṣòfò. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ọlọ́pọlọ ni!

Lára èkúté tí wọ́n fi dán an wò, kókó mẹlanóòmà náà kò yára dàgbà mọ́. Èkúté ni o, kì í ṣe ènìyàn.

Lára àwa adúláwọ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ àti abẹ́ èékánná ni àrùn yìí ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí àmì dúdú tó ń tóbi níbẹ̀, ẹ tètè lọ rí dókítà.