Ìwé Atukọ̀ Lọ́wọ́ Ẹni Tó Mọ̀ Ọ́n Kà

Fi ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ atukọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ lé ẹni tó mọ̀ ọ́n kà lọ́wọ́, igun rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò. Bí wọ́n bá lé atukọ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ìwà burúkú, wọn a gé igun kan ìwé náà sọnù. Kò sí bó ṣe lè tọ́jú rẹ̀ tó, ẹni tó bá nà án sí ti rí àbùkù rẹ̀. Bí igun bá pé, ó wá ku ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ó sì ṣe ṣókí débi pé àlejò á lójú, kò ní fi ríran.

Orúkọ ọkọ̀ ló máa ń dùn mọ́ mi jù. Ọmọ-ọmọ tó bá rí Victory nínú ìwé bàbá àgbà rẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní lè máa yangàn pé ọkọ̀ tí ọ̀gágun ojú omi Nelson kú sí lójú ogun Trafalgar ní 1805 ni bàbá wà. Ẹni tó mọṣẹ́ á rọra sọ fún un pé bárékè Portsmouth ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Pembroke ni ti Chatham, Vivid ni ti Devonport. Lẹ́yìn náà ni yóò wá fojú wá àmì akámọ́. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké kì í ní ìwé owó oṣù tiwọn, inú ìwé ọkọ̀ ńlá tàbí ti bárékè ni orúkọ àwọn èèyàn wọn ń wà. Orúkọ tí akọ̀wé há sínú akámọ́ yẹn gan-an ni ọkọ̀ tí bàbá fi la òkun kọjá. Ẹ ò rí i pé ojú tó ríran ló lè dá ọkọ̀ bàbá padà fún ọmọ!

Nọ́ńbà iṣẹ́ atukọ̀ pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀. Láti 1908, K tó ṣáájú nọ́ńbà fi hàn pé ìdí iná ọkọ̀ ló ti ń da èédú. VG ni ìwà tó dára jù, ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdọọdún ni wọ́n sì ń kọ ọ́. Ní ti báàjì ìwà rere, G ni pé wọ́n fún un, D ni pé wọ́n gbà á, R ni pé wọ́n dá a padà. Ẹni tí kò mọ̀ lè rí R kó rò pé bàbá sá lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀jáfáfá kì í yára dájọ́: á fi ọjọ́ tí wọ́n gba báàjì wé ọjọ́ tó wà ní àtìmọ́lé, á sì wo iye oṣù tó fi tún ara rẹ̀ ṣe.

Ó tún ń ṣírò. Ọjọ́ tí atukọ̀ pé ọdún 18 ni ọdún 12 tó tọwọ́ bọ̀wé fún bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ ti wọṣẹ́ ṣáájú. Bó bá fi 10 kún un, owó ìfẹ̀yìntì dé. Síbẹ̀, bí ìwé bá sọ pé bàbá fẹ̀yìn tì ní 1912, kò ní tíì ká a. Á wá 1914 nísàlẹ̀, torí ogun pe ọ̀pọ̀ irú wọn padà, púpọ̀ nínú wọn ló sì wà nínú àwọn ọkọ̀ ogun Aboukir, Hogue àti Cressy tí ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì kan ṣoṣo rì láàárọ̀ ọjọ́ 22, oṣù Kẹsàn-án ọdún náà.