Orí Ìlà Ni Tàbí Orí Òfo?

Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí kì í jìnnà sí ẹnu àwa akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí a bá ń jiyàn lórí ìwé Yorùbá: "start from scratch." A ó gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni Àjàyí Crowther ṣe bẹ̀rẹ̀, pé bẹ́ẹ̀ náà ni Fágúnwà ṣe. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó bóyá ó bá àwọn tí a ń fi yìn mu.

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ "scratch" yóò rò pé fífi èékánná họ ara ni. Ìlà ni. Nínú eré sísá àwọn Òyìnbó àtijọ́, wọn a fi nǹkan ha ilẹ̀, ibẹ̀ ni eré yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí agbára àwọn sárésáré kò bá dọ́gba, wọn a gbé àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò yá síwájú díẹ̀; akọni tí a kò fún ní àǹfààní kankan ni ó ń ti orí ìlà gbéra. Nígbà tí ó pẹ́, eré sísá kúrò nínú rẹ̀, ó wá di ọ̀rọ̀ ìtàkúrọ̀sọ fún ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ nǹkan láìní ohunkóhun lọ́wọ́.

Àwọn kan ń túmọ̀ rẹ̀ sí "bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo." N kò fara mọ́ ọn. Yorùbá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò béèrè bí ènìyàn ti ṣe ń dúró lórí òfo. Bí ẹnì kan kò bá ní nǹkan lọ́wọ́, a ní ọwọ́ òfìfo ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá bàjẹ́ tí a sì tún un ṣe, a ní a tún un ṣe láti ìpìlẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tí ó ṣe é rí, a ní òun ni ó pilẹ̀ rẹ̀. Gbogbo èyí ni Gẹ̀ẹ́sì kó sínú àpò kan, èyí tí ó kẹ́yìn ni ó sì ń ṣì wá lọ́nà.

Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá ti Crowther jáde ní 1843. Ṣùgbọ́n Bowdich ti tẹ òǹkà Yorùbá sínú ìwé rẹ̀ lórí Àṣáńtì ní 1819. Hannah Kilham kó àwọn ọ̀rọ̀ wa jọ pẹ̀lú ti àwọn èdè mìíràn ní Sàró, ó tẹ̀ wọ́n ní 1828. John Raban sì tẹ àwọn ìwé kékeré tirẹ̀ láàrin 1830 sí 1832. Etí ni àwọn wọ̀nyí fi gbà á; ti Crowther wà lẹ́nu rẹ̀ láti Òṣogùn. Òun ni sárésáré orí ìlà: àwọn kan ti wà níwájú, ó sì kọjá wọn. Bí a bá lo Gẹ̀ẹ́sì náà ní ìtumọ̀ àtijọ́ yìí, n óò gbà.

Ti Fágúnwà ni ó dùn mí jù. Ògbójú Ọdẹ jáde ní 1938. Kí ó tó di ìgbà náà, I. B. Thomas ti tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá sínú Akéde Èkó, ó sì sọ ọ́ di ìwé ní 1930. Karin Barber tún tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2012 pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá gbà pé òfo ni ó wà ṣáájú Fágúnwà kò ní wá a kà láé, bẹ́ẹ̀ ni kò ní bá obìnrin tí ń fi lẹ́tà ròyìn ìgbésí ayé ara rẹ̀ pàdé. Kò sí igbó irúnmalẹ̀ níbẹ̀, kò sí iwin. Èkó gan-an ni, pẹ̀lú àwọn ọkùnrin rẹ̀.