Lẹ́tà Yorùbá Nínú Theme Sáìtì Ìjọ

Theme ló ń pinnu bí sáìtì ìjọ tàbí ti àjọ aláàánú yóò ṣe rí: àwọ̀ rẹ̀, ibi tí àwòrán yóò wà, irú lẹ́tà tí yóò lò. Láti ọdún 2005 tí WordPress 1.5, ohun èlò tí wọ́n fi ń kọ́ sáìtì, ti gbé ètò theme dé, kò pọn dandan mọ́ kí èèyàn máa kọ gbogbo rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Yíyàn ló kù, yíyàn ọ̀hún gan-an sì niṣẹ́.

Ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Pleasure, lẹ́bàá títì Abẹ́òkúta, ọ̀gá kan wà tí kì í tilẹ̀ wo àwòrán mèremère tí wọ́n fi ń polówó theme. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ sí àkọlé ni ỌSẸ̀ ÌSỌJÍ ẸGBẸ́ Ọ̀DỌ́. Á fà á tóbi lójú kọ̀ǹpútà, á wò ó lẹ́tà kan tẹ̀lé ìkejì, á tún ṣí i lórí fóònù. Àwọn ọmọ iṣẹ́ á ti fẹ́ máa lọ. Òun kò ní tíì kúrò lórí Ẹ́.

Ó nídìí. Ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, á náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Ẹ àti àmì òkè ni kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ so pọ̀. Fọ́ǹtì tí wọn kò ṣe fún irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ á gbé àmì náà sórí lẹ́tà kejì tàbí kó yọ àpótí òfìfo síta. Òmíràn kò tilẹ̀ ní ẹ rárá, kọ̀ǹpútà á wá yá a lára fọ́ǹtì mìíràn: lẹ́tà kan á ki láàárín àwọn tínínrín. Bí ìlà bá sún mọ́ra jù, àmì ìsàlẹ̀ ìlà kìíní á kọ lu àmì òkè ìlà kejì. Nínú àkọlé oní-lẹ́tà ńlá, orí Ọ̀ lè gé dànù. Fọ́ǹtì Noto tí Google ṣe kì í sábà dójú tini, bí a bá ti fún ìlà láyè.

Ìjọ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ká lára jù. Ìpàdé tí àwọn míṣọ́nnárì Church Missionary Society (CMS) ṣe ní Èkó lọ́dún 1875 ló fìdí àkọtọ́ Yorùbá múlẹ̀, kí odindi Bíbélì Yorùbá tó jáde ní 1884. Ìjọ tó jogún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tó wá ń kọ “Ose Isoji” sójú sáìtì nítorí theme olówó pọ́ọ́kú, ti gba ìyà tí kò tọ́ sí i.

Èyí tó burú jù ni theme olówó gọbọi tí àwọn kan jí tú, tí wọ́n ń pín kiri lọ́fẹ̀ẹ́. Kóòdù ìkọ̀kọ̀ sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹni tó wá ka ìwàásù lè bá ara rẹ̀ lójúde àwọn onítẹ́tẹ́. Ta ló ní kí wọ́n jalè, nígbà tí WordPress fúnra rẹ̀ ti ń fi theme tó dáa sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti orí Twenty Ten ti ọdún 2010? Theme tó ní àwòrán tó ń yí bírí lókè ojú-ìwé náà kò sunwọ̀n: dátà ìyá ìjọ tó ń wá àkókò ìsìn nínú dánfó Ìyànà Ìpájà ló ń jẹ.

Bí theme bá yege, inú child theme, ìyẹn theme kékeré tó ń jogún ti gidi, ni kí a kọ àyípadà fọ́ǹtì àti àyè ìlà sí. Èyí tí a bá kọ sínú theme gan-an á pa rẹ́ nígbà tí ẹ̀dà tuntun bá dé. Lẹ́yìn ẹ̀dà tuntun kọ̀ọ̀kan, kí a tún tẹ àkọlé ìdánwò náà wò.