Ta Ló Kọ́ Ẹnubodè Nanjing?

Ìtàn kan wà tí àwọn ará Nanjing ní ilẹ̀ Ṣáínà fẹ́ràn púpọ̀. Wọ́n ní nígbà tí ọba Zhu Yuanzhang ń kọ́ ẹnubodè gúúsù ìlú náà, ilẹ̀ ibẹ̀ kò gbà. Bí wọ́n ti ń mọ ọ́n ló ń rì. Ni wọ́n bá lọ gba àwo idán kan lọ́wọ́ olówó tí ń jẹ́ Shen Wansan, àwo tó jẹ́ pé owó tí o bá sọ sínú rẹ̀ á di rẹpẹtẹ. Wọ́n ri àwo náà mọ́ ìpìlẹ̀, ẹnubodè sì dúró. Wọ́n ní ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Jubaomen, ẹnubodè tí ń kó ìṣúra jọ.

Ìtàn náà dùn, àmọ́ èmi ò fara mọ́ ọn. Kí ló kan àwo? Òkè kan wà níwájú ẹnubodè yìí tí wọ́n ń pè ní Jubao láyé ìgbà náà, Yuhuatai ni wọ́n ń pè é lónìí. Ibẹ̀ ni orúkọ ti wá. Ohun tó dùn mí jù ni pé ìtàn náà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é, ó gbé e fún olówó kan àti àwo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn tó ṣiṣẹ́ yẹn kò fara sin. Orúkọ wọn wà lára ògiri.

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Ọdún 1366 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ odi ìlú náà, ó sì gbà wọ́n ju ogún ọdún lọ. Gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 35. Láti ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbègbè ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ojú omi kó bíríkì wá. Bíríkì kan á gùn tó sẹ̀ǹtímítà 40, á fẹ̀ tó 20, á sì nípọn tó 10. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n tẹ orúkọ sí: orúkọ àgbègbè, ti ìjòyè tó ń bójú tó iṣẹ́, ti olórí agbo ilé, ti ẹni tó sun ún níná, títí kan ti ẹni tó fọwọ́ mọ amọ̀ rẹ̀. Wọn ò kọ ọ́ láti fi yìn wọ́n o! Bí bíríkì bá sán, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n máa mú ni. Ìbẹ̀rù ló kọ orúkọ wọ̀nyẹn. Àwọn kan nínú rẹ̀ rí wúruwùru, àṣìkọ sì wà níbẹ̀, ọwọ́ ẹni tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé. Ṣùgbọ́n mẹ̀kúnnù tí òpìtàn kankan kò ní dárúkọ, orúkọ tirẹ̀ ló ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ẹgbẹ̀ta ọdún.

Ká sọ òótọ́, ẹnubodè náà kò lẹ́wà lóde. Ó kàn rí gàgàrà bí àpáta ni. Inú ni ọgbọ́n wà. Ẹnubodè mẹ́rin ló tò tẹ̀ lé ara wọn, àgbàlá mẹ́ta sì wà láàárín wọn. Fífẹ̀ gbogbo rẹ̀ tó mítà 118, jíjìn rẹ̀ tó 128, gíga rẹ̀ sì lé ní 20. Yàtọ̀ sí ìlẹ̀kùn tí wọ́n ń tì, òmíràn wà tí ń já lulẹ̀ láti òkè wá. Ọ̀tá tó bá fọ́ ti àkọ́kọ́ á rò pé òun ti wọ̀lú, gbì! ìlẹ̀kùn já sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọfà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lé e lórí. Abájọ tí àwọn ará Ṣáínà fi ń fi irú àgbàlá bẹ́ẹ̀ wé ìkòkò. Yàrá 27 tó dà bí ihò wà nínú ògiri rẹ̀, wọ́n ní 3,000 ọmọ ogun lè fara pa mọ́ síbẹ̀.

Ní 1402, Zhu Di, ọmọ ọba Zhu Yuanzhang, wá gba ìjọba lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò tilẹ̀ dé inú ìkòkò yìí. Ẹnubodè Jinchuan, lápá àríwá, ni àwọn ará ilé ṣí fún un láti inú. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́.

Ní 1931 wọ́n yí orúkọ ẹnubodè gúúsù padà sí Zhonghuamen. Ní Desẹ́ńbà 1937, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jàpáánì kọ lu ìlú náà, ilé onígi tó wà lórí rẹ̀ bàjẹ́ pátápátá. Àmọ́ ewu tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ àwọn onílé ló ti wá. Ní àárín ọdún 1950 sí 1960, ìjọba ìlú fúnra rẹ̀ ń wó odi. Wọ́n ní kò wúlò mọ́, kí wọ́n kó bíríkì rẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn.

Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Zhu Xie ló pariwo. Jámánì ló ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ọrọ̀ ajé, ṣáájú ogun ló sì ti ń ya fọ́tò àwọn ibi àtijọ́ Nanjing kiri. Ní 1956 ó wà nípò igbákejì ọ̀gá ní ọ́fíìsì àṣà ìpínlẹ̀ Jiangsu, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ohun tí wọ́n ń ṣe kò dára. Wọ́n gbọ́; ẹnubodè yìí bọ́. Òun kò bọ́. Ní 1957 wọ́n pè é ní ọ̀tá ẹgbẹ́ òṣèlú, wọ́n sì gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kú ní 1968, nínú inúnibíni Ìyípadà Àṣà. Tẹ́nì kan bá máa gba ìyìn lẹ́yìn àwọn tó mọ bíríkì, ọkùnrin yìí ni, kì í ṣe Shen Wansan.

Nínú kìlómítà 35 odi náà, bíi 25 ló ṣì wà ní ìdúró. Ẹnubodè gúúsù wà lára rẹ̀, pẹ̀lú yàrá 27 àti bíríkì olórúkọ.