Orí Tí Kò Gbọ́ Ọṣẹ: Lámèyítọ́ Lórí Agbárí Funfun Inú Ewì Mi

Àwọn àgbà ní orí burúkú kì í gbọ́ ọṣẹ. Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ wa, èmi náà ti fọ orí rí o, n ò sì fi òwe sọ ọ́. Orí ẹran ni. Mo fọ ọ̀kan, mo bà á jẹ́. Mo tún fọ òmíràn, ìyẹn kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ohun tí ojú mi rí nídìí orí méjèèjì ló jẹ́ kí n jókòó kọ lámèyítọ́ yìí, ewì ara mi gan-an ni mo sì fẹ́ dá lẹ́jọ́.

Ẹ ó rántí ewì mi lórí agbárí ewúrẹ́ tó jáde nínú ìwé wa yìí. Ẹ pàtẹ́wọ́ gan-an lálẹ́ ọjọ́ tí mo kà á. Ní báyìí, àwọn olóòtú wa ń ṣa ewì tí wọn yóò kó sínú àkójọ ìparí ọdún, wọ́n sì ti sọ fún mi pé tèmi wà níbẹ̀. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé e lọ fún ẹni tó ń ṣe fọ́tókọ́pì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe ewì náà.

Àwòrán mẹ́ta ni ewì ọ̀hún gùn lé. Èkíní, mo ní agbárí náà funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Èkejì, mo ní eyín òkè àti eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ jọ pàdé, wọ́n ń fi ayé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀kẹta, mo ní ikú ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, kò rùn mọ́, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè mọ́. Ó dùn létí, àbí? Ẹnì kan nínú wa tilẹ̀ sọ pé ìfohunpènìyàn tó wà nínú ẹ̀rín yẹn ló wọ òun lára jù. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé nígbà tí mo kọ ọ́, n kò tíì fọwọ́ kan agbárí kankan rí. Mo ti rí wọn lára ògiri bàbá mi àgbà láti kékeré, ṣùgbọ́n rírí yàtọ̀ sí wíwò.

Ọdẹ ni bàbá àgbà. Lára ògiri yàrá iwájú wọn, lókè ibi tí ìbọn máa ń wà, ni wọ́n kan agbárí ẹran mọ́: ìgalà, ẹtu mélòó kan, ìmàdò kan. Èéfín ààrò ti sọ gbogbo wọn di pupa rúsúrúsú. Nígbà tí bàbá àgbà papò dà, bàbá mi ní kí n mú ọ̀kan fún ìrántí. Mo mú ìgalà, mo dì í sínú báàgì, mo gbé e wá sí họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ewì mi ti jáde nígbà náà, orí mi sì ti wú. Mo fẹ́ kí agbárí náà dà bí èyí tó wà nínú ewì. Mo ra bleach tí a fi ń fọ aṣọ funfun, mo da odindi ìgò kan sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo ri orí ìgalà sínú rẹ̀ di àárọ̀.

Ilẹ̀ mọ́, ó funfun báláú! Gbogbo ará bùlọ́ọ̀kù wá wò ó. Mo gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé mi, mo ń yangàn. Kò tó oṣù mẹ́ta, ọ̀rọ̀ yí padà. Tí mo bá fọwọ́ kàn án, ohun kan bí ẹfun a lẹ̀ mọ́ mi níka. Etí ihò ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Egungun imú rẹ̀ rún sí mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí mo fẹ́ nu eruku ara rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé bleach kì í ṣe ìdọ̀tí nìkan ló ń ṣí kúrò lára egungun. Ohun kan wà nínú egungun tó dà bí gọ́ọ̀mù, òun ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀ tí kì í fi í fọ́. Ìyẹn gan-an ni bleach ń jẹ, kódà tí èèyàn bá ti fi omi ṣàn án, èyí tó ti wọnú egungun lọ lè máa jẹ ẹ́ nìṣó. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Bàbá mi wá kí mi lọ́jọ́ kan. Wọ́n gbé agbárí náà lọ́wọ́, wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, ẹfun rẹ̀ dà sí wọn lára bùbá. Wọ́n bi mí pé, "Ta ló kun ìgalà Bàbá lẹ́fun?" Èmi tí mo ń pe ara mi ní akéwì, n kò rí èsì kankan fọ̀.

Ìtìjú yẹn ló mú mi lọ kọ́ iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ. Nígbà ìsinmi, mo lọ ra orí ewúrẹ́ lọ́dọ̀ alápatà. Ó ti gbé àdá sókè kó là á sí méjì, nítorí bí àwọn oníbàárà ṣe ń fẹ́ ẹ nìyẹn, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má là á, ẹ má sì fi iná sun ún." Ó wò mí bí ẹni tó ń wo wèrè. Mo bó awọ rẹ̀, mo gé gbogbo ẹran tí ọ̀bẹ lè dé. Mo fi wáyà àti omi ṣan ọpọlọ rẹ̀ jáde láti ihò tó wà lẹ́yìn orí, níbi tí ọ̀pá ẹ̀yìn ti so mọ́ ọn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní kí n sè é kí n lè tètè parí. Rárá o. Tí omi bá ń hó kùtùkùtù, ọ̀rá á wọnú egungun lọ, egungun fúnra rẹ̀ sì lè sán. Omi lásán ni mo rẹ ẹ́ sí nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì onídèérí lẹ́yìn ilé. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú omi náà ni wọ́n ń jẹ ẹran tó kù, èmi kàn ń da omi díẹ̀ nù, mo ń bu òmíràn sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko! Ẹ má béèrè òórùn rẹ̀. Mọ́mì mi ṣí bọ́kẹ́ẹ̀tì náà lẹ́ẹ̀kan péré. Wọ́n ní, "Tí aládùúgbò bá lọ pe ọlọ́pàá, èmi ò mọ̀ ọ́ rí o."

Nígbà tí ẹran tán lára rẹ̀, ọ̀rá ló kù. Mo rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ pẹ̀lú ọṣẹ tí a fi ń fọ abọ́. Ọ̀rá á léfòó, màá da omi nù, màá pọn òmíràn. Bí ọ̀rá bá kù nínú egungun, bó ti wù kó funfun tó lónìí, yóò pọ́n padà lọ́la. Ìgbà tí omi kò fi ọ̀rá hàn mọ́ ni mo tó ra hydrogen peroxide ní kẹ́mísì, èyí tó jẹ́ ìdá 3 nínú 100. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo rẹ agbárí náà sínú rẹ̀ fún ọjọ́ méjì. N kò dé e pa, nítorí afẹ́fẹ́ máa ń jáde lára oògùn yìí, ó sì lè bẹ́ ìdérí dànù. N kò jẹ́ kó kan ìwo, nítorí èèpo ìwo kì í ṣe egungun, oògùn náà lè bà á jẹ́. Lẹ́yìn náà, mo sá a gbẹ.

Mo tún gbọ́ pé àwọn mùsíọ́mù kan kì í rẹ orí sómi rárá. Kòkòrò ni wọ́n ń sìn, kòkòrò ló ń bá wọn jẹ ẹran kúrò lára egungun. Ìran kòkòrò dúdú kékeré tó máa ń ba ẹja gbígbẹ jẹ́ mọ́ àwọn ìyá wa lọ́jà ni. Ọ̀tá ẹlẹ́ja, òṣìṣẹ́ mùsíọ́mù! Ewì ńbẹ nínú ìyẹn, ẹni tó bá yá lára kó kọ ọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá gbé ewì mi síwájú agbárí yìí.

Ẹ̀gbọ̀n òwú tí mo fi ṣe àfiwé kò sí níbẹ̀. Agbárí ewúrẹ́ tí mo fọ̀ fínnífínní yìí, àwọ̀ ẹ̀kọ tútù ló ní. Ó dúdú díẹ̀ nídìí eyín, ó pọ́n díẹ̀ nídìí ìwo. Èyí tó funfun bí òwú ni ìgalà tí mo bà jẹ́. Àṣé funfun tí mo ń yìn nínú ewì, funfun ohun tó ń kú lẹ́ẹ̀kejì ni.

Ẹ̀rín ńkọ́? Ewúrẹ́ kò ní eyín iwájú lókè! Ẹran erìgì líle ló wà níbẹ̀, ìyẹn sì ti jẹrà lọ sínú omi bọ́kẹ́ẹ̀tì. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ pàápàá já kúrò lára orí, ó sì pín sí méjì gbọọrọ bí igi. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi mú ọ̀kan, mo fi òsì mú èkejì, mo ń wá ẹ̀rín tí ẹ pàtẹ́wọ́ fún. Ọmọ tó bá ti já ewé fún ewúrẹ́ jẹ rí lábúlé ì bá ti já irọ́ mi. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú gbogbo wa tó já a, ìyẹn sì ń dùn mí ju pé mo pa á lọ.

Ti ẹ̀kẹta ló burú jù. Mo ní ikú ló fọ̀ ọ́ mọ́. Ikú kò fọ nǹkan kan. Ikú pa ewúrẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọwọ́ mi, omi, kòkòrò àìfojúrí, ọṣẹ àti ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló fọ̀ ọ́. Ewì mi kó iṣẹ́ ọlọ́wọ́, ó gbé e fún ikú, nítorí pé ikú rọrùn láti kọ.

Ẹnì kan á ní akéwì kì í ṣe alápatà, pé ewì kì í ṣe kíláàsì bàọ́lọ́jì. Mo gbà. Bí mo bá mọ̀ pé ewúrẹ́ kò ní eyín iwájú lókè, tí mo wá dìídì fún un ní ẹ̀rín, ọnà èdè nìyẹn. Ẹni tó ń kà á á rí i pé mo mọ ohun tí mo ń yí. Ṣùgbọ́n èmi kò mọ̀. Àwòrán tí mo kà nínú ewì ẹlòmíràn ni mo tún ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀.

Ẹ wo Georgia O'Keeffe, obìnrin ayàwòrán ará Amẹ́ríkà. Ó máa ń ṣa egungun ẹran ní aṣálẹ̀ New Mexico. Ní 1931, ó ya agbárí màlúù kan sáàárín àwọ̀ pupa, funfun àti búlúù, àwọ̀ àsíá ilẹ̀ wọn. Àwòrán náà wà ní Metropolitan Museum ní New York. Inú ìwé ni èmi ti rí i. Oòrùn ló sá egungun yẹn funfun, obìnrin náà kò sì tún un ṣe ju bí oòrùn ti fi í sílẹ̀ lọ. Ó ya ibi tó sán, ó ya ibi tó jẹ. Ohun tó tóbi tó orílẹ̀-èdè ló fẹ́ fi agbárí yẹn sọ, síbẹ̀ kò purọ́ mọ́ egungun.

Kí a má tilẹ̀ lọ jìnnà. Nínú ìwé tí Adébóyè Babalọlá kọ lórí ìjálá ní 1966, a rí i pé àwọn oníjàálá ní oríkì fún ẹran ìgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Oríkì ìgalà kò ṣe é kì fún ìmàdò. Ẹni tó ti dọdẹ ẹran, tó ti rù ú délé, kò lè kọ "agbárí" lásán bí èmi ṣe kọ ọ́. Èéfín tí mo fọ̀ kúrò lára ìgalà bàbá àgbà, ìdọ̀tí ni mo pè é. Gbogbo oúnjẹ tí wọ́n sè nínú ilé yẹn ló wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ bá mi yọ ewì náà kúrò nínú àkójọ. Bí àyè rẹ̀ bá ṣófo, ẹ fún ẹlòmíràn. Mo ń kọ òmíràn, ṣùgbọ́n kò tíì jinná, n ò sì fẹ́ fi iná sè é.

Agbárí ewúrẹ́ wà lórí tábìlì mi, ẹni tó bá fẹ́ wò ó kó yà kí mi. Ti ìgalà wà nínú páálí, mo fi ìwé ìròyìn wé e. Kò ṣe é kàn mọ́ ògiri mọ́. Mo máa gbé e lọ sílé nígbà ìsinmi tó ń bọ̀, nítorí bàbá mi bi mí ní ìbéèrè kan, n kò sì tíì dá wọn lóhùn.