Èèpo Kòkó Kì í Ṣe Ìdọ̀tí: Àríwísí lórí Ìwé Àgbẹ̀ Kan

Ìwé pélébé kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ láìpẹ́ yìí. Àwọn olóko kòkó ni wọ́n kọ ọ́ fún, láti kọ́ wọn bí a ṣe ń fi èèpo kòkó, èèpo ẹ̀gẹ́ àti ìgbẹ́ adìyẹ ṣe ajílẹ̀. N kò ní dárúkọ àwọn tó tẹ̀ ẹ́, torí iṣẹ́ rere ni wọ́n dáwọ́ lé. Èdè inú rẹ̀ ni mo ní ẹjọ́ bá rò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin ohun tó yẹ fún ìyìn. Ìwé náà kìlọ̀ pé kí àgbẹ̀ má fi èèpo kòkó sílẹ̀ nídìí igi lẹ́yìn tó bá ti la èso tán. Òótọ́ ni. Àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú lórí igi máa ń sá pamọ́ sínú irú èèpo bẹ́ẹ̀. Bí òjò bá dé, á tún ran èso mìíràn. Ṣùgbọ́n bí a bá kó èèpo náà jọ sí òkìtì, tí òkìtì gbóná tó 55 sí 65°C fún ọjọ́ mélòó kan, tí a sì ń yí i kí ooru lè kárí, agbára àrùn náà á pin.

Ẹjọ́ mi àkọ́kọ́ ni pé "ìdọ̀tí" ni ìwé yìí ń pe èèpo kòkó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu àgbẹ̀ rí? Nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá ìwọ̀n èso kòkó tútù ló jẹ́ èèpo. Àwọn ìyá tó ń ṣe ọṣẹ dúdú kò pè é ní ìdọ̀tí. Wọ́n ń sun ún, eérú rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ. Pòtásíọ̀mù tó pọ̀ nínú eérú yẹn, inú ilẹ̀ oko ni igi kòkó ti fà á. Bí ẹ bá pe nǹkan ní ìdọ̀tí, ẹ ti sọ fún ọwọ́ pé kó dà á nù. Ṣebí àwọn àgbà wa mọ̀ pé ẹ̀bá àkìtàn ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti máa ń ta yọ jù?

Ẹjọ́ kejì ló burú jù. Òyìnbó máa ń fi àwọ̀ pín ohun tí a ń kó sínú òkìtì sí ọ̀nà méjì, ni atúmọ̀ wa bá gbé e bó ṣe wà: "ohun aláwọ̀ ewé" àti "ohun aláwọ̀ ilẹ̀". Ẹ wò ó, ìgbẹ́ adìyẹ ńkọ́? Ọ̀dọ̀ àwọn "aláwọ̀ ewé" ni ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kó o sí, nítorí náítírójìn tó wà nínú rẹ̀. Àgbẹ̀ tó bá fojú ara rẹ̀ wò ó, ọ̀dọ̀ kejì ni yóò kó o sí. Ìwé náà wá ní kí kábọ́ọ̀nù jẹ́ 25 sí 30, kí náítírójìn jẹ́ 1. Òṣùwọ̀n wo ni bàbá àgbẹ̀ fẹ́ fi wọn kábọ́ọ̀nù?

Òkèlè àti ọbẹ̀ ni ǹ bá pè wọ́n. Àwọn ohun abẹ̀mí tín-tìn-tín tí ojú wa kò rí ló ń jẹun nínú òkìtì. Koríko gbígbẹ, pòròpórò àgbàdo àti èèpo gbígbẹ ni òkèlè wọn. Ìgbẹ́ adìyẹ àti ewé tútù ni ọbẹ̀. Òkèlè ló gbọ́dọ̀ pọ̀ jù. Bí ọbẹ̀ bá pọ̀ jù, òkìtì á máa rùn, oúnjẹ ilẹ̀ á sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Bí òkèlè bá wà láìsí ọbẹ̀, òkìtì á kàn jókòó tutù sójú kan.

Ẹ̀kẹta, ìwé náà ní "kí ó jẹrà", ó parí. Ẹran náà ń jẹrà, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ajílẹ̀ gbọ́dọ̀ jinná ni. Èyí tó jinná ti tutù, ó dúdú, ó ń rún lọ́wọ́, òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí ló ń gbé jáde. Èyí tí kò tíì jinná lè jó gbòǹgbò irúgbìn kéékèèké. Àgbẹ̀ tó fi oṣù mélòó kan yí òkìtì, tí ata rẹ̀ wá rọ lójú rẹ̀, kò ní dá atúmọ̀ èdè lẹ́bi o. Ajílẹ̀ ni yóò dá lẹ́bi. Ní ọdún tó ń bọ̀, á padà sídìí fatiláísà olówó gọbọi.

Bẹ́ẹ̀ èdè wa ti ṣe iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀. A + jí + ilẹ̀: ohun tó ń jí ilẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn mọ̀ pé ilẹ̀ lè sùn, kó sì tún jí. Kí àwọn tó ń kọ̀wé fún àgbẹ̀ lọ jókòó ti àgbẹ̀ kí wọ́n tó mú kálàmù. Ẹ̀yin ńkọ́, kí ni wọ́n ń pe òkìtì tó ti jinná ní ẹ̀ka èdè tiyín? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, mo ń retí yín.