Ẹ́ńsáìmù Kì í Bi Lẹ́tà Pé Ọmọ Ta Ni

Lóko ẹ̀gẹ́ lágbègbè Akanran, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀nà-Àrà, kò ṣòro fún àgbẹ̀ láti mọ ewé tí àìsàn ti wọ̀: àbàwọ́n yẹ́lò á bò ó, á sì ká jọ. Èyí tó ṣòro ni láti mọ fáírọ́ọ̀sì tó ṣe é. Méjì ló wọ́pọ̀, African cassava mosaic virus àti East African cassava mosaic virus. Kòkòrò funfun kékeré tó ń gbé lábẹ́ ewé ló ń pín wọn kiri, igi ẹ̀gẹ́ tí àgbẹ̀ gé láti fi gbìn sì máa ń gbé wọn dé oko tuntun. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí méjèèjì bá sì pàdé nínú igi kan, ìyà tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ náà máa ń ju ti ọ̀kan ṣoṣo lọ.

Yíyà wọ́n sọ́tọ̀ ni iṣẹ́ òòjọ́ ẹni tó kọ àròkọ yìí, kò sì tíì rí iṣẹ́ mìíràn tó dùn tó o. Wọ́n á lọ ewé náà kúnná, wọ́n á fa DNA inú rẹ̀ yọ, wọ́n á sì fọ̀ ọ́ dáadáa, nítorí àwọn èròjà kan wà nínú ewé ẹ̀gẹ́ tó máa ń dí ẹ́ńsáìmù tó ń da DNA kọ lọ́wọ́. Ẹni tó bá kánjú níbi fífọ̀ yìí, òfo ni yóò bá nígbẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi okùn DNA kúkúrú méjì sí i, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ nǹkan bí ogún lẹ́tà, ìyẹn A, T, G àti C tí DNA fi ń kọ̀wé. Ilé iṣẹ́ ló fi kẹ́míkà to àwọn okùn yìí ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹ̀dá alààyè kankan tó bí wọn.

Ẹ́ńsáìmù tó máa ṣe iṣẹ́ náà ńkọ́? Taq ni wọ́n ń pè é. Inú bakitéríà kan tó ń gbé nínú omi gbígbóná ní Yellowstone, ní Amẹ́ríkà, ló ti wá. Thomas Brock àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Hudson Freeze, ló rí bakitéríà náà, wọ́n sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1969. Kò sí ẹ̀gẹ́ nínú omi yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí okùn tí ọwọ́ ènìyàn tò. Síbẹ̀, bí okùn àtọwọ́dá bá ti lẹ̀ mọ́ DNA fáírọ́ọ̀sì, Taq á gbéra láti ìdí rẹ̀, á máa fi lẹ́tà tó kàn kún un lọ. Ẹ̀rọ á gbóná dé nǹkan bí 95°C kí okùn DNA méjèèjì tó so pọ̀ lè tú, á tutù kí àtọwọ́dá lè lẹ̀, á tún gòkè dé 72°C kí ẹ́ńsáìmù lè ṣiṣẹ́. Ní àyípo kọ̀ọ̀kan, iye ẹ̀dà ń di ìlọ́po méjì. Lẹ́yìn àyípo 30, ẹyọ kan ti lé ní bílíọ̀nù kan. Kary Mullis ló ronú kan ọ̀nà yìí, tí wọ́n ń pè ní PCR, ní 1983, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1993.

Okùn àtọwọ́dá ló ń yan ohun tí ẹ́ńsáìmù yóò dà kọ. Ti fáírọ́ọ̀sì kan kò ní lẹ̀ mọ́ èkejì. Ìlà ẹ̀dà DNA tó bá tàn lábẹ́ iná ultraviolet ló ń sọ èyí tó wà nínú ewé. Ike kékeré kan sì máa ń wà tó jẹ́ pé omi lásán ni wọ́n fi dípò DNA inú ewé. Bí ìlà bá yọ nínú ìyẹn, ìdọ̀tí ti wọ iṣẹ́, àfi kí wọ́n tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀.

Ní òdì kejì Ìbàdàn, lágbègbè Akinyẹle, ni IITA wà, ilé iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967. Ibẹ̀ ni Sang Ki Hahn láti Korea dé ní 1971, tó mú ẹ̀gẹ́ tó ní ìran ẹ̀gẹ́ igbó nínú, tó ń pò ó mọ́ irú mìíràn títí ó fi rí irú tó lè dojú kọ àìsàn yìí. Àwọn ará ìlú Ìkirè fi í joyè Sèríkí Àgbẹ̀. Ojú àti sùúrù ló fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. PCR kò tíì sí nígbà yẹn.

Kí ló wá dé tí ẹ́ńsáìmù bíi Taq fi gba ohun tí ènìyàn ṣe? Ìwọ̀n ni. Nínú DNA, A ló ń kojú T, G ló ń kojú C, fífẹ̀ wọn sì dọ́gba. Bí ìyá alágbàdo ṣe ń fi kọ́ńgò wọn ọjà láìbi kóró kan pé oko ta ni ó ti wá, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńsáìmù ń wo bí lẹ́tà méjì ṣe bá ara wọn mu. Steven Benner ní Amẹ́ríkà ti fi lẹ́tà tuntun kún mẹ́rin tí a bá láyé. Ní 2023, òun, Dong Wang ti Yunifásítì California ní San Diego àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé DNA onílẹ́tà mẹ́fà síwájú ẹ́ńsáìmù tó ń da DNA kọ di RNA nínú E. coli, bakitéríà tó ń gbé nínú ìfun ènìyàn. Ó dà á kọ. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, wọ́n rí i pé bí A àti T ṣe máa ń dúró ni lẹ́tà tuntun méjèèjì dúró.

Ṣùgbọ́n gbígbà tí ẹ́ńsáìmù ń gba ohun àtọwọ́dá ní ibi tí ó mọ. Ní 2012, Vitor Pinheiro, Philipp Holliger àti ẹgbẹ́ wọn ní Cambridge kò fọwọ́ kan lẹ́tà rárá, ṣúgà tó so wọ́n pọ̀ ni wọ́n pààrọ̀. Wọ́n ní láti tún ẹ́ńsáìmù fúnra rẹ̀ ṣe kí ó tó lè kọ irú okùn bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe oògùn ti ń lo bí ẹ́ńsáìmù ṣe ń gba lẹ́tà àtọwọ́dá tipẹ́, ibẹ̀ sì ni ọkàn ẹni tó kọ èyí máa ń wọlé sí jù. Tenofovir àti lamivudine, tí àwọn tó ní HIV ń lò káàkiri Nàìjíríà, lẹ́tà àtọwọ́dá ni wọ́n. Ẹ́ńsáìmù fáírọ́ọ̀sì á mú wọn, á tò wọ́n sójú ìlà, ṣùgbọ́n wọn kò ní ibi tí lẹ́tà mìíràn lè so mọ́. Ibẹ̀ ni àdàkọ náà dúró sí. Fáírọ́ọ̀sì tó ti wọ inú sẹ́ẹ̀lì tẹ́lẹ̀ kò kúrò, nítorí náà bí lẹ́tà àtọwọ́dá bá tán lára, ẹ́ńsáìmù á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ; ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ fún aláìsàn pé kó máa lo oògùn náà lójoojúmọ́.